Ẹ fi iyọ̀ dán irúgbìn àgbàdo wò kẹ́ ẹ tó dé e mọ́ kẹ́ẹ̀gì

Ẹ bu àgbàdo díẹ̀ sínú ìgò tó gbẹ táútáú, ẹ da ṣíbí iyọ̀ kan lé e (iyọ̀ tó bá ti rin ò ní sọ òótọ́), ẹ dé e, ẹ mì ín dáadáa, kẹ́ ẹ gbé e kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ọ̀rinrin inú hóró ti ju ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, á bu ni, kò sì ní hù dáadáa mọ́. Ẹ dá a padà sóòrùn. Bí kò bá lẹ̀, ẹ ṣì sá a lọ́jọ́ kan sí i, torí kó má ju ìdá 13 lọ ló dára jù. Àmọ́ o, àrùn tó ti wọnú hóró látoko, sísá ò lè pa á. Ẹ ṣa àwọn tó ti dúdú tàbí tó ti bu kúrò.