Sítíárìn méjì, ẹ́ńjìnnì kan: ìbéèrè tí ẹ máa ń bi mí ṣáá

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí àwọn ọlọ́kọ̀ wa ní Iwopin àti Mákùn-Omi ti ń gbé sítíárìn àti kọ́ńtúróòlù kejì sórí òrùlé ọkọ̀, kí awakọ̀ lè tètè máa rí ewéko àti ìtì igi tó ń léfòó lójú ọ̀sà, fóònù èmi tí mò ń tún sítíárìn ọkọ̀ omi ṣe ò sinmi mọ́. Tó bá wá ku díẹ̀ kí Iléyá dé, tí kálukú fẹ́ kó èrò tó ń bọ̀ wá wo Ojúde Ọba, ẹ̀ẹ̀kan náà ni gbogbo yín máa ń pè, ìbéèrè kan náà sì ni. Mo ti kọ ọ́ síbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á kẹ́ ẹ tó pè.

Ìbéèrè: Mo wà lókè, mo yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ò dún rárá.

Ìdáhùn: Ẹ wo lífà jíà ìsàlẹ̀. Kò sí ní nútírà. Ẹ dá a padà.

Ìbéèrè: Méjèèjì wà ní nútírà. Ó ń yí, àmọ́ kò gbiná.

Ìdáhùn: Okùn kílì ni, ìyẹn okùn tí awakọ̀ máa ń so mọ́ra, tó ń pa ẹ́ńjìnnì tó bá já. Ẹnì kan ti yọ ọ̀kan nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n fi kiní kan kún un, torí ó lè pa èèyàn. Lórí àwọn Yamaha tí à ń lò yìí, tí wáyà kílì bá ti kan gíráùǹdù, ẹ́ńjìnnì á kú, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Torí náà súìsì kílì òkè àti tìsàlẹ̀, kálukú gbọ́dọ̀ lè dá pa ẹ́ńjìnnì. Mo ti bá ọkọ̀ tí rewáyà kan so méjèèjì tẹ̀léra wọn, tó jẹ́ pé àfi kẹ́ ẹ fa okùn méjì yọ kó tó kú. Tí awakọ̀ bá ṣubú sómi, ta ló fẹ́ bá a fa ìkejì? Ẹ so ọkọ̀ mọ́ èbúté, ẹ tan án, ẹ fa tòkè, ẹ tún tan án, ẹ fa tìsàlẹ̀. Èyí tí kò bá pa á, ẹ má gbé èrò títí ẹ ó fi tún un ṣe.

Ìbéèrè: Lífà le, bíi pé mò ń fa ẹ̀ka igi.

Ìdáhùn: Ẹ yọ kébù níbi tó ti wọ ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ tún ti lífà. Tó bá ṣì le, kébù ni. Tó bá rọ̀, ẹ́ńjìnnì ni kẹ́ ẹ lọ wò. Tó bá jẹ́ kébù, ẹ wo bí wọ́n ṣe ká a lábẹ́ pákó, torí kébù tí wọ́n fi ń fa jíà àti iná yìí ò fẹ́ ìkọ́ tó kéré, kí ìkọ́ ẹ̀ má dín ní nǹkan bíi 20 sẹ̀ǹtímítà láti àárín sí etí, ìkọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ń fi kún lílé ẹ̀. Mo mọ̀ pé Ìjẹ̀bú ni wá, owó ò ṣeé fi ṣòfò, àmọ́ kébù tó ṣẹ́kù lára ọkọ̀ bọ̀dá yín tó gùn ju tiyín lọ, tẹ́ ẹ wá ká sínú ọkọ̀, òun ló ń bá yín jà yẹn. Ẹ fi okùn wọn ọ̀nà tó máa gbà kẹ́ ẹ tó ra kébù.

Ìbéèrè: Tí mo bá ti lífà òkè, tìsàlẹ̀ náà ń rìn. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá. Kébù méjèèjì ni wọ́n so pọ̀ tààrà, bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn. Tẹ́ ò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, àpótí kan wà tí wọ́n ṣe fún kọ́ńtúróòlù méjì, ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n máa ń dè é mọ́. Èyí ó wù kẹ́ ẹ lò, ẹ dá a padà sí nútírà kẹ́ ẹ tó kúrò ní ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Ìbéèrè: Sítíárìn háídírólíìkì rọ̀ jù, mo ń yí i yí i kó tó yà.

Ìdáhùn: Afẹ́fẹ́ wà nínú ẹ̀. Sítíárìn kọ̀ọ̀kan ló ní pọ́ńpù tiẹ̀ lẹ́yìn. Pọ́ńpù òkè lẹ ti máa rọ ọ́ìlì, kì í ṣe ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá ṣí skúrù afẹ́fẹ́ lára sílíńdà tó ń ti ẹ́ńjìnnì kó yà, kẹ́ ẹ yí sítíárìn méjèèjì, ìgò ọ́ìlì ò gbọdọ̀ gbẹ títí tí ọ́ìlì á fi máa jáde láìní ìfóòfó. Ọ́ìlì sítíárìn ọkọ̀ omi ni o. Ẹ má rọ bíréèkì ọ́ìlì sí i, á jẹ rọ́bà inú ẹ̀ run, ẹ ó wá máa bú ẹni tó ta pọ́ńpù fún yín.

Ìbéèrè: Ọ́ìlì ń dà lórí pọ́ńpù ìsàlẹ̀.

Ìdáhùn: Ìdérí tó ní ihò lẹ fi dé e. Òkè nìkan ló ń lo ìyẹn, ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ní èyí tó dí pa, torí ọ́ìlì òkè ló ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ tún wo páìpù kẹta tó so pọ́ńpù méjèèjì pọ̀, kó máa gòkè lọ gbọọrọ, tó bá ṣe kọ́lọkọ̀lọ afẹ́fẹ́ á há síbẹ̀.

Ìbéèrè: Tí mo bá yí sítíárìn òkè, tìsàlẹ̀ á máa yí fúnra ẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò sì fẹ́ yà.

Ìdáhùn: Háà. Èyí ló fojú mi rí nǹkan. Ọkọ̀ èrò kan ní Iwopin ni. Nígbà tí mo débẹ̀, ọmọ tó ń wà á ti kọ̀ láti jókòó sísàlẹ̀, ó ní òun ò lè jókòó ti nǹkan tó ń yí láìsí ọwọ́ lórí ẹ̀, ìyá kan tó ń yan ẹja létí omi sì ti ń gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n lọ bẹ àwọn tó ni omi. Àwọn tó ṣiṣẹ́ síbẹ̀ kí n tó dé ti ra pọ́ńpù òkè tuntun, wọ́n ti dè é tán, kò yí padà. Mo ní kí ọmọ yẹn lọ di sítíárìn ìsàlẹ̀ mú gírígírí, ó fi ìbẹ̀rù lọ, mo wá yí tòkè. Ẹ́ńjìnnì yà. Mo ní kó tú u sílẹ̀, ìsàlẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ẹ́ńjìnnì dúró gbagidi.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Fáàfù wà nínú pọ́ńpù kọ̀ọ̀kan tó ń jẹ́ kí ọ́ìlì ẹ̀ jáde lọ sí sílíńdà, tí kì í sì í jẹ́ kí ọ́ìlì tibòmíì wọlé. Tí fáàfù yẹn ò bá pa dé dáadáa, ọ́ìlì tí òkè ń tì bọ̀ á ríbi wọ pọ́ńpù ìsàlẹ̀, á máa yí i, dípò kó lọ ti sílíńdà. Nítorí náà èyí tó ń yí láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án lẹjọ́ wà lọ́rùn ẹ̀. Owó pọ́ńpù òkè tuntun yẹn ti wọgbó.

Mo ṣí ẹ̀yìn pọ́ńpù ìsàlẹ̀, mo yọ sípíríǹgì àti bọ́ọ̀lù kékeré inú ẹ̀, mo fọ ojú ibi tó ń jókòó sí. Kò sí nǹkan tí ojú rí níbẹ̀, àmọ́ nígbà tí mo fi ọmọ ìka pa á, nǹkan kan rọra fà mọ́ mi lọ́wọ́, funfun, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mo tò ó padà, ó dáa. Ká tó mọ̀, wọ́n tún ti pè, tòkè ló ń yí fúnra ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ìdọ̀tí yẹn ń rìn kiri nínú ọ́ìlì ni. Mo tú gbogbo ẹnu páìpù, àṣé tépù funfun tí àwọn púlọ́ńbà fi ń dí ẹnu páìpù omi ni wọ́n wé mọ́ gbogbo ẹ̀, ó ti ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sínú. Ẹ ò gbọdọ̀ lo tépù yẹn nídìí sítíárìn háídírólíìkì láéláé, gọ́ọ̀mù olómi tí wọ́n ṣe fún un ni. A da ọ́ìlì yẹn nù tán, a fọ páìpù, a fọ fáàfù pọ́ńpù méjèèjì, a rọ tuntun. Ọkọ̀ yẹn ṣì ń kó èrò.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè ṣí fáàfù yẹn fúnra mi, àbí kí n pe mẹkáníìkì mọ́tò tó wà nítòsí?

Ìdáhùn: Ẹ lè ṣe kébù, okùn kílì àti ọ́ìlì fúnra yín. Tó bá kan inú pọ́ńpù, ẹ jẹ́ kẹ́ni tó ń ṣe ti ọkọ̀ omi wá, mẹkáníìkì mọ́tò ló wé tépù yẹn. Tó bá sì jẹ́ èmi lẹ fẹ́ pè, ẹ di sítíárìn tó ń yí yẹn mú kẹ́ ẹ yí ìkejì, kẹ́ ẹ ya fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ kí n tó kúrò n'Íjẹ̀bú-Òde, kí n lè mọ irú fáàfù tí mo máa gbé dání.