Bí A Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Gáàsì Ni Ó Bo Àárín Àgbájọ Ìràwọ̀ Kan

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti ní ARCSSTE-E, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ sánmà tí ó wà nínú ọgbà kan náà ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹ́ksíréè láti ojú ọ̀run kì í la afẹ́fẹ́ ayé kọjá dé ilẹ̀, nítorí náà sátẹ́láìtì ni gbogbo onímọ̀ ń lò. NASA sì kó àkójọ ohun tí àwọn sátẹ́láìtì náà rí sí HEASARC, ibi ìpamọ́ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí ẹni tí ó wà ní Yúróòpù ní lọ́wọ́ ni ẹni tí ó wà ní Ifẹ̀ náà ní.

Ihò dúdú (black hole) tí ó wúwo ju oòrùn wa lọ́nà mílíọ̀nù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń wà ní àárín àgbájọ ìràwọ̀ (galaxy) tí a ń sọ yìí, ibi tí ó súnmọ́ ọn gan-an sì ni ẹ́ksíréè ti ń jáde. Bí gáàsì bá gba iwájú kọjá, ẹ́ksíréè tí agbára rẹ̀ kéré ni ó kọ́kọ́ máa ń gbé mì, èyí tí ó ju 10 keV lọ (keV ni òṣùwọ̀n agbára ẹ́ksíréè) a sì máa là á kọjá àyàfi bí gáàsì náà bá ki gidigidi. Bí ọyẹ́ bá mú, oòrùn ìrọ̀lẹ́ kì í kàn ṣókùnkùn, ó tún máa ń pọ́n. Bákan náà ni ó yẹ kí ẹ wo àwọ̀, kí ẹ má wo ìmọ́lẹ̀ nìkan.

Ẹ fi àgbájọ ìràwọ̀ NGC 1365 bẹ̀rẹ̀, tí ó jìnnà sí wa ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún ìmọ́lẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2006, Chandra, sátẹ́láìtì ẹ́ksíréè ti NASA, wò ó lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, a sì rí i pé nígbà kejì, àárín rẹ̀ ti bò. Ẹ gba HEASoft, àkójọ ètò kọ̀ǹpútà tí XSPEC, ètò tí a fi ń yẹ spectrum wò, wà nínú rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ pín fótọ́ọ̀nù (hóró ìmọ́lẹ̀) sí ìsọ̀rí méjì, kí ẹ yọ ti agbára kékeré (S) kúrò nínú ti agbára ńlá (H), kí ẹ sì fi àròpọ̀ méjèèjì pín in: (H−S)/(H+S). Púpọ̀ nínú àwọn olùbẹ̀rẹ̀ máa ń mú 0.5 sí 2 keV fún S, èyí kò sì dára fún NGC 1365, nítorí pé gáàsì gbígbóná tí ó tàn káàkiri inú rẹ̀ ń tàn níbẹ̀ láì yí padà, ó sì ń bo àmì tí ẹ ń wá mọ́lẹ̀. Ẹ lo 2 sí 5 keV àti 7 sí 10 keV.

Iṣẹ́ tí ó ṣòro jù kù. Bí nọ́ńbà yẹn bá gòkè nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ń rẹlẹ̀, ẹ má tíì pè é ní gáàsì, nítorí pé orísun náà fúnra rẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí kò bá tàn tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹ gbé gbogbo spectrum (bí iye ìmọ́lẹ̀ ṣe pín sí agbára kọ̀ọ̀kan) sínú XSPEC pọ̀, pẹ̀lú powerlaw kan, àwòṣe ìmọ́lẹ̀ orísun náà, tí ìtẹ̀sí rẹ̀ súnmọ́ 1.8 tí gbogbo wọn jọ ń lò, àti zphabs fún gáàsì tí ó wà níbẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí iye gáàsì nìkan yí padà. Lẹ́yìn náà, ẹ dá a dúró, kí ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ orísun nìkan yí padà. Ẹ fi chi-squared méjèèjì (nọ́ńbà tí ó ń sọ bí àwòṣe ṣe jìnnà sí ohun tí a rí) wéra: èyí tí tirẹ̀ kéré jù ni ó bá a mu jù. Bí ẹ bá tú ìtẹ̀sí àti gáàsì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan yóò máa bo àṣìṣe èkejì. Bí gáàsì bá ju 10²⁴ átọ́ọ̀mù lọ lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan, ìlà irin ní 6.4 keV yóò yọ gedegbe, nítorí ìmọ́lẹ̀ tí ó ta padà nìkan ni ó kù. Ẹ̀rí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni ti NuSTAR, sátẹ́láìtì tí ó ń rí ẹ́ksíréè agbára ńlá, tí wọ́n gbé sókè ní 2012: bí ohun tí ó ju 10 keV lọ kò bá yí padà nígbà tí 2 sí 5 keV já wálẹ̀, gáàsì ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi eré gáàsì náà sọ àkókò tí ó fi kọjá di púpọ̀. Bí ó bá ń sáré 3,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ó sì gba ọjọ́ méjì, ó rìn nǹkan bí 518 mílíọ̀nù kìlómítà, èyí tí kò tó láti oòrùn dé Júpítà. Gáàsì tí ó bò ó tí ó sì ṣí i kíákíá bẹ́ẹ̀ kò lè jìnnà sí ihò dúdú náà. Ṣùgbọ́n ẹ má lo ìṣirò yìí fún NGC 5548, àgbájọ ìràwọ̀ mìíràn, tí ìbòjú tí wọ́n rí ní 2013 wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún: gáàsì tí ń ṣàn jáde wá sọ́dọ̀ wa ni, kì í ṣe èyí tí ń gba iwájú kọjá, inú spectrum ultraviolet ti awò-awọ̀nà Hubble ni ẹ ó sì ti rí eré rẹ̀.