Bí Mo Ṣe Fún Kòkòrò Alábàlà Kan Ní Orúkọ Kẹta

Kòkòrò tí mò ń sọ yìí kò tóbi tó èékánná àtàǹpàkò mi, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bá a yí. Cleridae ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé rẹ̀, ẹ̀yà tó wà nínú ìdílé náà sì lé ní 3,000. Ọ̀pọ̀ wọn ló wọ pupa, dúdú àti funfun ní àbàlà àbàlà bí ẹni ń lọ sóde ọdún. Ẹ má wo aṣọ yẹn o, apẹran ni wọ́n. Ẹ wo Thanasimus formicarius tí Linnaeus sọ lórúkọ lọ́dún 1758. Bí àwọn kòkòrò tó ń jẹ abẹ́ èèpo igi bá tú òórùn sáfẹ́fẹ́ láti pe ara wọn jọ, òun náà á gbọ́ òórùn ọ̀hún, á yọjú bí àlejò tí wọn ò pè, á sì fi àwọn onílé ṣe oúnjẹ.

Tèmi yìí, ìbátan rẹ̀ ni. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Inú àpótí òkú kòkòrò tí ẹnikẹ́ni ò tíì tò ni mo ti rí wọn: 23, orí òkè gíga kan ṣoṣo ni wọ́n ti kó gbogbo wọn. Ọ̀já funfun tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ ìyẹ́ wọn kò sí níbẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Àṣé àwọ̀ máa ń tan ni. Mo yá òkú 140 irú wọn tí wọ́n kó níbòmíràn láti mùsíọ́mù mẹ́rin, mo wọ̀n wọ́n níkọ̀ọ̀kan, àfi bí mo ṣe rí i pé méje nínú àwọn ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà kò ní ọ̀já. Mo wọ́gi lé ọ̀rọ̀ àwọ̀.

Ó wá ku nǹkan ọkùnrin wọn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni àwa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń yẹ̀ wò jù, torí ó lè yàtọ̀ nígbà tí gbogbo ara tó kù bá jọra. Mo rẹ òkú náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ títí ó fi rọ̀, mo fi abẹ́rẹ́ tín-ínrín tí mo ti tẹ ẹnu rẹ̀ fa ìdí ikùn rẹ̀ jáde, mo sì gbé e sínú potassium hydroxide 10% tó gbóná, kó lè jẹ ẹran kúrò lára rẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, fóònù dún, mo lọ gbé e. Kí n tó padà dé, ó ti rọ̀ kọjá bó ṣe yẹ, bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ló já. Láti ọjọ́ náà, n kì í dìde nídìí rẹ̀ mọ́. Nínú ẹ̀kán glycerin, lábẹ́ awò, ọ̀rọ̀ wá hàn: ṣóńṣó ti orí òkè tẹ̀ bí ìwọ̀, ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ tọ́ gbọnrangandan.

Kí ló dé tí mi ò wá pè é ní ẹ̀yà tuntun pátápátá? Nítorí àwọn tó wá láti àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni. Tiwọn ò tẹ̀ tán, kò sì tọ́ tán. Ó hàn pé àwọn méjèèjì ń bára wọn bímọ níbẹ̀. Lẹ́tà 658 tí a kà nínú DNA wọn náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Agbo ilé kan náà ni wọ́n, ojúlé ló yàtọ̀: ẹ̀yà ni agbo ilé, orúkọ méjì ló ń jẹ́; ìpín abẹ́ ẹ̀yà (subspecies) ni ojúlé, òun ló ń gba orúkọ kẹta. Ọ̀kan nínú àwọn tó yẹ iṣẹ́ mi wò ṣì fẹ́ kí n kọ́ agbo ilé ọ̀tọ̀ fún un. Mi ò gbà.

Mo rò pé orúkọ sísọ á rọrùn. Mo mú orúkọ Látìn kan tó túmọ̀ sí ará òkè, kí n tó mọ̀ pé ẹnìkan ti fi pe ẹ̀yà mìíràn nínú genus kan náà, ìyẹn àkójọ àwọn ẹ̀yà tó bára tan, tipẹ́tipẹ́. Lójú òfin tó ń darí orúkọ ẹranko, orúkọ ojúlé àti orúkọ agbo ilé ń bára wọn du àyè. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ni ín. Mo mú òmíràn. Gẹ́rẹ́ tí tèmi bá jáde, àwọn ti pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn náà á di olórúkọ mẹ́ta: orúkọ kejì wọn ni wọn yóò tún pè lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni ń pe Àkànní Àkànní. Orúkọ tó bá sì jáde láìsí àpèjúwe, òfìfo ni. Ìdí tí mo fi pa á mọ́ nìyẹn.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìwé náà yóò ti jáde, nítorí náà mo kọ́kọ́ fi orúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ZooBank, ibi tí wọ́n ti ń forúkọ ẹranko sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí àtúnṣe òfin ọdún 2012 ṣe ní kí a ṣe. Ó wá ku òkú kan pàtó tí orúkọ á so mọ́, tí à ń pè ní holotype. Mo yan akọ kan tí ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ̀ pé. Bí mo ṣe ń ki lébẹ́ẹ̀lì pupa bọ abẹ́rẹ́ rẹ̀, ọwọ́ mi gbọ̀n, ìwo òsì rẹ̀ kán, ó fò lọ. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi tan tọ́ọ̀ṣì wá a lórí tábìlì, tí mò ń fún imú mi pọ̀ kí èémí mi má baà gbé e lọ. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì kékeré kan, mo gún káàdì náà mọ́ abẹ́ kòkòrò náà, mo sì kọ ọ́ sínú àpèjúwe pé ìwo òsì ti kán, pé orí káàdì ló wà.

Ó ti dé mùsíọ́mù báyìí. Mò ń retí ọjọ́ tí ìwé yóò jáde, kí n lè pe orúkọ rẹ̀ sókè.