Bí Mo Ṣe Gba Orúkọ Ṣọ́ọ̀bù Màmá Mi Padà ní Iléṣà

₦45,000 ni èjẹ́ǹtì kan gbà lọ́wọ́ mi lórí orúkọ ṣọ́ọ̀bù màmá mi, kò sì rí nǹkan kan ṣe sí i. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Ó pẹ́ tí màmá mi ti ń ta ìkòkò, abọ́ àti èlò ìdáná ní ọjà Atákúnmọ̀sà. Ọdún 1997 ni wọ́n forúkọ ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ òwò àti iléeṣẹ́ sílẹ̀, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lára ògiri. Nígbà tí iléèwé kan fẹ́ ra ọjà púpọ̀, tí wọ́n ní àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù nìkan làwọn máa sanwó sí, a mú ìwé náà lọ sí báǹkì. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó ní “inactive” ló ń gbé wá, ìyẹn ni pé orúkọ náà ò ṣiṣẹ́ mọ́.

Màmá bínú gan-an: “Orúkọ tí mo fi tọ́ gbogbo yín, òun ni wọ́n ní ó ti kú?”

Kò kú o. Òfin iléeṣẹ́ ti ọdún 2020, tó rọ́pò ti 1990, ní kí oníṣòwò tó bá forúkọ sílẹ̀ máa fi àlàyé ọdọọdún ránṣẹ́ sí CAC, ó pẹ́ tán, ní June 30. Nísinsìnyí tí gbogbo rẹ̀ ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí kò bá ṣe é, ojú ẹsẹ̀ ni báǹkì máa rí i. Owó ṣọ́ọ̀bù tí màmá ń san fún káńsù lọ́dọọdún ò kan èyí rárá. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ìforúkọsílẹ̀.

Èjẹ́ǹtì tí mo gbé iṣẹ́ náà fún ní òfin tuntun ti pa gbogbo orúkọ àtijọ́ rẹ́, pé òun máa ṣe òmíràn. Ó fi ọ̀rọ̀ kan síwájú orúkọ wa, ó fi ránṣẹ́. CAC ò gbà á, wọ́n ní ó jọ orúkọ tó ti wà nílẹ̀. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà sẹ́yìn, wọn ò gbà á. Ó fi “Global” sí i, ibi kan náà ló já sí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kọ̀ ọ́ ló ń béèrè owó mìíràn lọ́wọ́ mi. Nígbà tó yá, ó ní ká fi “National” sí i, bẹ́ẹ̀ òfin náà sọ ọ́ kedere pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lo ọ̀rọ̀ yẹn láìgba àṣẹ. Mo bi í pé orúkọ ta ni tiwa wá jọ? Kò mọ̀. Kò tilẹ̀ wá a rí!

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo lọ wo orúkọ náà fúnra mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì CAC. Ọ̀fẹ́ ni. Orúkọ tó ń dí wa lọ́nà jáde, pẹ̀lú nọ́ńbà BN, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ orúkọ òwò, tó wà lára ìwé ara ògiri wa. Tiwa ni! Ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ mi ń bá wa du orúkọ ara wa.

Èyí tó kù ò le. Mo ṣí àkáǹtì níbẹ̀, mo tẹ nọ́ńbà BN àti NIN màmá, mo san gbèsè àlàyé ọdọọdún ti àwọn ọdún tó ti kọjá. Ibi kan ṣoṣo tó tún fà wá sẹ́yìn ni pé “sh” ni wọ́n fi kọ orúkọ ìdílé màmá sínú ìwé náà lọ́dún 1997, “s” lásán ló wà lórí NIN. A lọ búra ní kóòtù, wọ́n sì gbà á. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí “active” jáde, nítorí ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é.

Tí ìwé àtijọ́ bá wà nílé yín, ẹ kọ́kọ́ fi nọ́ńbà rẹ̀ wá orúkọ náà kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Tó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe tuntun fún yín. Kí ẹ sì wo NIN àti ìwé náà pọ̀, lẹ́tà sí lẹ́tà.

Iléèwé náà ti sanwó. Ti èjẹ́ǹtì, mo ṣì ń bá a fà á.