Aṣọ irin ológbò ń rìn fúnra rẹ̀: ìbéèrè ìyá kan ní Kétu àti ìdáhùn mi láti Àjàṣẹ́

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ẹ̀rọ géèmù ṣe ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin, lọ́nà ọjà Ouando. Bí ọyẹ́ bá ti wọlé báyìí, ẹjọ́ kan náà ni mo máa ń gbọ́ ṣáá. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Kétu fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí tẹlifóònù, a jọ bá ọ̀rọ̀ náà yí títí ó fi lójú. Mo gba àyè lọ́wọ́ wọn kí n tó kọ ọ́, torí mo mọ̀ pé ilé wọn nìkan kọ́ ló ti ń dá ìjà sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Àbúrò bàbá àwọn ọmọ mi ló ra ẹ̀rọ géèmù alágbèéká kan fún wọn, Switch ni wọ́n ń pè é. Èyí tí àkọ́bí mi fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ti ológbò kan tó wọ aṣọ irin, tó ń fò, tó ń yìnbọn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí nǹkan náà ti ń rìn lọ sápá òsì láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní àbúrò òun ló bà á jẹ́, ó ti nà án lẹ́ẹ̀mejì. Àbúrò ń sunkún pé òun ò ṣe é. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú òwò, Màmá. Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó dá ẹjọ́ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n kó sinmi ọwọ́ ná.

Mo mọ géèmù yẹn dáadáa. Gato Roboto ni orúkọ rẹ̀. Àwọn doinksoft ló ṣe é, Devolver Digital ló gbé e jáde lọ́jọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 2019. Dúdú àti funfun ni àwòrán rẹ̀. Kiki ni orúkọ ológbò náà. Ọkọ̀ òfuurufú tó gbé òun àti Gary ọ̀gá rẹ̀ ló já, Gary há sínú ọkọ̀, ni Kiki bá jáde lọ, ó rí aṣọ irin, ó kó sínú rẹ̀. Aṣọ yẹn ló ń bá a gba ìyà. Bó bá bọ́ ọ sílẹ̀, ó lè gun ògiri, ó lè kọjá nínú ihò tóóró, ó lè lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tí aṣọ irin ò lè wọ̀, àmọ́ bí ọ̀tá bá kàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó kú nìyẹn. Torí náà, bí nǹkan kan bá ń fà á sápá òsì nígbà tí ọmọ ò ní kó lọ, ìbínú ẹ̀gbọ́n yé mi.

Ẹ pe àwọn méjèèjì sọ́dọ̀ yín. Ẹ gbé ẹ̀rọ náà sórí tábìlì, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí ẹ wo aṣọ irin bóyá á rìn. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan mú Kiki jáde nínú aṣọ, kó sì yọwọ́. Bí ológbò náà bá ń lọ sápá òsì bákan náà, aṣọ irin kọ́ ló ń ṣàìsàn. Ẹ wá jáde kúrò nínú géèmù pátápátá, sí ojú ibi tí wọ́n ti ń yan géèmù. Bí àmì tí wọ́n fi ń yàn bá ń sá lọ fúnra rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú, géèmù náà kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ìbéèrè: A ṣe é, ọmọ mi. Aṣọ rìn, ológbò rìn, ní ìta náà ó ń sá lọ sápá òsì. Ẹ̀gbọ́n wá ní òun á pa géèmù náà rẹ́, òun á tún un gbà.

Ìdáhùn: Kó má ṣe bẹ́ẹ̀, Màmá. Owó íntánẹ́ẹ̀tì yín ló máa jẹ, nǹkan kan ò sì ní yí padà. Ọ̀pá ìdarí tó wà lápá òsì, èyí tó rí bí olú kékeré tí àtàǹpàkò ń tì, òun ló ń parọ́ fún ẹ̀rọ.

Mo tú irú rẹ̀ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá. Lábẹ́ olú yẹn, ilà dúdú méjì ló wà níbẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn fi pẹ́ńsùlù fa ilà tó nípọn. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń rìn lórí ilà kọ̀ọ̀kan. Ibi tí irin bá dúró sí lórí ilà ni ẹ̀rọ fi ń mọ̀ bóyá ọmọ ní kí Kiki lọ sọ́tùn-ún, lọ sósì, tàbí kó dúró. Irin yẹn ń ha ilà náà lójoojúmọ́, ilà ń jẹ, ìyẹ̀fun dúdú rẹ̀ ń kó jọ. Mo fi ìka kàn án, ó sì lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí èérí ìkòkò. Ẹ wá fi eruku ọyẹ́ kún un, pẹ̀lú erùpẹ̀ pupa Kétu tí í wọ ibi tí omi gan-an ò lè wọ̀. Ẹ̀rọ á máa rò pé wọ́n ń ti ọ̀pá, wọn ò sì tì í.

Àwọn méjèèjì ló ti lò ó, Màmá. Kò sí ìgbà kan tí a lè tọ́ka sí pé ibí ni ó ti bàjẹ́. Ẹ̀bi àbúrò kọ́.

Ìbéèrè: Mo ti bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀. Àmọ́ ó tún ní gbogbo ibi tí òun ti dé ló ṣòfò nígbà tí ẹ̀rọ kú lálẹ́ ọjọ́ tí iná lọ. Ṣé ọ̀pá yẹn náà ni?

Ìdáhùn: Rárá. Nínú yàrá ìfipamọ́ nìkan ni géèmù yẹn ti ń pa ibi téèyàn dé mọ́. Bí bátìrì bá tán kó tó dé yàrá náà, ibi tó fi pamọ́ gbẹ̀yìn ló máa bá ara rẹ̀. Kó máa yà síbẹ̀ bó bá ti rí i.

Ìbéèrè: Kí ni mo lè ṣe nílé kí n tó gbé e wá sí Àjàṣẹ́?

Ìdáhùn: Ohun méjì ni, Màmá, kò sì ná yín lówó púpọ̀.

Èdè Faransé lẹ ní ẹ̀rọ yín ń sọ, nítorí náà ẹ wọ «Paramètres de la console», lẹ́yìn náà «Manettes et capteurs», kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń tún ọ̀pá ìdarí wọ̀n. Ẹ máa rí òbìrí kan àti àmì kékeré nínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá fọwọ́ kan ọ̀pá tí àmì náà ò sì dúró láàárín, ẹ ti fojú ara yín rí àrùn náà. Ẹ tẹ X, kí ọmọ ṣe bí ẹ̀rọ bá ṣe ní kó ṣe. Nígbà mìíràn ìyẹn nìkan tó.

Bí kò bá tó, ẹ pa ẹ̀rọ náà pátápátá, kì í ṣe kó sùn. Ẹ tẹ bọ́tìnì róbótó tó wà lẹ́yìn mánẹ́ẹ̀tì òsì, ìyẹn apá ẹ̀rọ tí ọwọ́ òsì ń dì mú, ẹ fà á sókè, á yọ. Ẹ lọ sí fámásì, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní alcool, ọtí tí wọ́n fi ń nu ojú egbò, èyí tí wọ́n kọ 90 sí lára. Èyí tó jẹ́ 70 lómi jù. Awọ rọ́bà kékeré kan yí ìdí olú náà ká. Ẹ fi igi ìtayín gbé etí rẹ̀ díẹ̀, ẹ kán ẹ̀kán kan tàbí méjì sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ máa yí ọ̀pá náà káàkiri fún ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi sílẹ̀ kó gbẹ fún wákàtí kan ó kéré tán kí ẹ tó tàn án.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi epo ẹ̀rọ ìránṣọ sí i. Mo mọ̀ pé télọ̀ wà nítòsí yín, á sì ní kí ẹ gba díẹ̀. Epo máa so ìyẹ̀fun yẹn pọ̀ di ẹrẹ̀ ni. Ẹ má lo òórùn dídùn tàbí epo òyìnbó náà.

Ìbéèrè: Ọmọ mi, ó ṣiṣẹ́! Inú ilé dùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ karùn-ún ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ìdáhùn: Mo retí rẹ̀, Màmá. Ọtí yẹn lè fọ ìyẹ̀fun, kò lè dá ilà tó ti jẹ padà. Ó ti dórí kí a pààrọ̀ ọ̀pá náà fúnra rẹ̀.

Ẹ ṣọpẹ́ pé tiyín kì í ṣe Switch Lite, èyí tó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019. Ti ìyẹn kì í yọ, odindi ẹ̀rọ ni mo máa tú. Tiyín, mánẹ́ẹ̀tì òsì nìkan ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ wé e sínú aṣọ, ẹ fún awakọ̀ tí ẹ bá mọ̀ lọ́nà Pobè.

Bí ẹnì kan ní Kétu bá ní òun lè ṣe é, ẹ béèrè bóyá ó ní tournevis olórí Y, irin tí wọ́n fi ń yí vis, ìṣó oníyíyí. Vis mẹ́rin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, Y ni orí wọn. Ẹni tó bá fi ọ̀bẹ tàbí tournevis lásán fipá yí wọn, orí wọn á dán, kò sì ní ṣí mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nínú, okùn pẹlẹbẹ tó fẹ́lẹ́ bí ìwé ló so ọ̀pá mọ́ ọpọ́n, ìlẹ̀kùn tín-ínrín kan ló dì í mú. Kí wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà sókè kí wọ́n tó fa okùn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ mánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé wá bá mi ti já.

Ọ̀pá tí mo fẹ́ fi sí i fún yín ń lo mágínẹ́ẹ̀tì (òòfà). Irin kò fara kan ilà nínú rẹ̀, kò sí ohun tí yóò máa ha ara wọn. Ó wọ́n díẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ, àmọ́ ẹ̀yin lẹ ní ọmọ méjì tó ń lo ẹ̀rọ kan.

Bó bá padà dé, ẹ tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i bí mo ṣe sọ. Lẹ́yìn náà ẹ gbé e sórí tábìlì bíi ti ọjọ́ kìíní, kí gbogbo yín yọwọ́. Kiki gbọ́dọ̀ dúró sójú kan. Àbúrò ni kí ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gbé e.