Bí mo ṣe kọ́lé fún sẹ́ńsọ̀ ààrò ẹja mi

Ẹja àrọ̀ 23 ló jóná mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, gbogbo èyí tó wà lórí àwọ̀n ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀, 76 ni kòńtírólà, ẹ̀rọ tó ń darí ooru ààrò mi, kọ sójú. Ẹja kì í jóná ní dígíríì 76. Mo dúró níwájú ààrò, mo wo nọ́ńbà, mo wo ẹja tó dúdú bí ìdí ìkòkò, mo ní èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ló ń parọ́ fún mi?

Ológùnẹ́rù, n'Ìbàdàn, ni mo ti ń yan ẹja. Àpótí irin ńlá ni ààrò mi, wẹ́dà àdúgbò ló bá mi ṣe é: àwọ̀n mẹ́rin lórí ara wọn, tiréè èédú nísàlẹ̀, fáànù kékeré lẹ́yìn tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí èédú. Kòńtírólà ló ń darí fáànù. Tí mo bá ní 80 ni mo fẹ́, tí inú ààrò kò sì tíì gbóná tó bẹ́ẹ̀, á tan fáànù kí iná lè ràn. Tó bá ti pé, á pa á. Sẹ́ńsọ̀ ló ń sọ fún un, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tó yọrí láti ara ògiri ààrò. Wáyà méjì tí irin wọn yàtọ̀ síra ni wọ́n jó pọ̀ ní ṣóńṣó rẹ̀. Tí ooru bá kàn án, iná mànàmáná tíntìntín á jáde, òun ni kòńtírólà ń kà. Tíntìntín lóòótọ́ o: bí ẹ bá pín fólítì kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 41 péré ni dígíríì kan ń mú wá.

Oníná tí mo pè kò tiẹ̀ yọjú sínú ààrò. Ó ní kí n lọ ra kòńtírólà tuntun. Mo ní ẹ ṣé, sà.

Nígbà tí mo tún kó ẹja sí i, mo jókòó tì í. Ihò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, mo tan tọ́ọ̀ṣì gba ibẹ̀. Omi ara ẹja àti ọ̀rá láti àwọ̀n òkè ń kán, tó, tó, sórí sẹ́ńsọ̀ gan-an. Nọ́ńbà wà ní 79. Ẹ̀kán kan bọ́, ó di 74. Òmíì bọ́, ó di 71. Fáànù ta jí, ó ń fẹ́ wùùù, èédú sì pọ́n rokoṣo nísàlẹ̀. Ààrò ti gbóná kọjá ibi tí mo fẹ́, àmọ́ sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń da omi lé lórí ń ké pé òtútù ń mú òun.

Àbúrò mi kan wà ní Houston tó ní ààrò ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní pellet grill. Igi tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n wá tẹ̀ pọ̀ wóró-wóró bí oúnjẹ ẹja, ni wọ́n fi ń dáná sí i, ẹ̀rọ ló sì ń ti igi ọ̀hún síná fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo rojọ́ fún un lórí fóònù, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní àìsàn kan náà ló ń ṣe tiwọn: ọ̀rá ẹran á kán sí sẹ́ńsọ̀, á dì mọ́ ọn, ẹ̀rọ á rò pé iná ti lọ sílẹ̀, á tún máa ti igi sí i. Ó ní kí n fọ sẹ́ńsọ̀, kí n sì fi irin bò ó.

Mo yọ ọ́. Èèpá dúdú ti bò ó lára bí ìdí agolo. Kí n tó fọ̀ ọ́, mo tì í bọ omi híhó: ó tó ìṣẹ́jú kan kí nọ́ńbà tó gun òkè tán. Mo wá fi omi gbígbóná, ọṣẹ àti kànìnkànìn onírin fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí omi dé ibi tí wáyà ti wọlé. Mo tún tì í bọ omi híhó náà. Ojú ẹsẹ̀ ló fò dé 98. Ìbàdàn wà lókè, ó fi nǹkan bí 200 mítà ga ju ojú òkun lọ, nítorí náà omi wa máa ń hó kó tó pé 100, ní nǹkan bí 99. Nínú áísì tí mo fọ́ wẹ́wẹ́ tí mo da omi díẹ̀ sí, ó kà 1 dípò òdo. Kò sóhun tó ṣe kòńtírólà, owó mi sì wà nínú àpò mi.

Ó wá ku ìbòrí. Mo lọ bá wẹ́dà. Ó kọ́kọ́ nawọ́ páìpù omi onísíńkì sí mi, mo ní rárá o, síńkì ara rẹ̀ máa ń rú èéfín burúkú tí iná bá kàn án gidi, oúnjẹ ni mo ń yan. Ó wá bá mi wá ègé páìpù sítéènlẹ́ẹ̀sì kan, ìyókù irin àtẹ̀gùn ilé tó ṣe ní Àkóbọ̀.

“Màmá Ẹlẹ́ja, kí lẹ fẹ́ fi èyí ṣe? Kékeré yìí?”

“Ilé ni mo fẹ́ fi kọ́ fún sẹ́ńsọ̀.”

“Ẹ kúkú jẹ́ kí n fi fèrèsé sí i.”

Mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá mi dí ẹnu rẹ̀ kan ni. Ó dí i. Mo gbé e bo sẹ́ńsọ̀, mo tún gbé wáyà méjèèjì sódì nígbà tí mo ń dá wọn padà, iná ń ràn, nọ́ńbà ń lọ sílẹ̀! Mo yí wáyà padà, ìyẹn yanjú. Ọ̀rá kò kan sẹ́ńsọ̀ mọ́ lóòótọ́, àmọ́ atẹ́gùn náà kò kàn án. Tamọ́mítà mìíràn tí mo fi kọ́ sáàárín àwọn àwọ̀n ti kà 96 kí kòńtírólà tó rí 80 tó sì pa fáànù.

Mo padà sí ìsọ̀ pẹ̀lú páìpù lọ́wọ́. N kò tíì lanu tó ti ń rẹ́rìn-ín. “Fèrèsé ni, àbí?”

Ó lu ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì àti nísàlẹ̀, wọ́n fẹ̀ tó kí ìka ọmọdé wọ̀ ọ́. Òkè nìkan la fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun ni òrùlé. A tún ṣí sẹ́ńsọ̀ kúrò nísàlẹ̀, níbi tí ẹ̀yín iná ti ń wò ó lójú kòrókòró, a gbé e sókè sáàárín, ó wọnú dáadáa kí ooru ògiri má baà tàn án jẹ, kò sì fara kan páìpù níbì kankan.

Láti ìgbà náà, ìyàtọ̀ òun àti tamọ́mítà kejì kì í ju dígíríì mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Ìyẹn tó fún ẹja. Tí mo bá ti dáná lẹ́ẹ̀mẹta, mo máa ń yọ páìpù, mo máa ń fọ̀ ọ́, nítorí ihò rẹ̀ ń dí.

Wẹ́dà ti ń fi ilé sẹ́ńsọ̀ sí ààrò àwọn ẹlòmíì báyìí, ó sì ń gba owó rẹ̀ lọ́tọ̀. Kò tíì fún mi ní kọ́bọ̀.