Bí mo ṣe ń sọ ohun tójú rí di àdìrẹ ẹlẹ́kọ

Ìbéèrè tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń bi mí jù ni ibi tí mo ti ń rí bátánì tuntun. Ibi gbogbo ni, ìyẹn ò le. Èyí tó le ni pé ìyẹ́ adìẹ, tí a fi ń kọ ẹ̀kọ sára aṣọ kí aró má lè wọ ibẹ̀ dáadáa, ló máa sọ ohun tó lè wọ aṣọ. Ohun tí ìyẹ́ kò bá lè fà lẹ́ẹ̀kan láìdúró, kò tíì di bátánì.

Ẹ wo àwọn ìyá tó kọ Ìbàdàndún, bátánì àdìrẹ àtijọ́ kan. Gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1929, wà lórí òkè, ilé ràgàjì. Wọn ò gbìyànjú láti ya gbogbo ilé náà. Òpó rẹ̀ ni wọ́n mú, wọ́n tò ó lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì fi síbí sáàárín òpó sí òpó. Bẹ́ẹ̀ náà ni jùbílì King George V ní 1935 ṣe wọ inú àdìrẹ, tọba tolorì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú wọn ni wọ́n ń kọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n kọ́ bátánì àtijọ́ tí à ń pè ní Olókun dáadáa, kó mọ́ wọn lọ́wọ́, kí wọ́n wá kọ ohun ìgbà tiwọn náà.

Ipa táyà inú ẹrẹ̀ ni mò ń kọ lọ́wọ́. Bí òjò bá dá, ẹ lóṣòó tì í, kí ẹ wò ó pẹ́. Ẹ ó rí ìlà dídà méjì tó dojú kọra, àti àlàfo láàárín wọn. Ẹ má fi fóònù yà á. Fóònù á kó òkúta, ewé àti omi pọ̀, ẹ ò sì ní mọ èyí tó wù yín níbẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù yà á, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ tún un yà láti inú orí. Ohun tí orí bá gbàgbé, ẹ jẹ́ kó lọ. Èyí tó kù ni kí ẹ fi ìyẹ́ àti omi lásán dánwò lórí páálí. Tèmi ṣẹ́ ku ìlà kúkúrú mẹ́ta àti àmì kíún kan.

Aṣọ òwú funfun ni, kí ẹ fọ̀ ọ́ kí sítáàṣì ilé iṣẹ́ kúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ aró ò ní wọlé. Ẹ ká a sí méjì, sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ, títí ojú ìká á fi pín in sí ilé-ilé, ìyẹn àwọn ojú onígun mẹ́rin. Lójú tèmi, ilé yìí ṣe pàtàkì ju bátánì lọ. Ipa táyà wọ ilé kan, kí ilé kejì sinmi. Bí ẹ bá kó o kún gbogbo ilé, ojú ẹni tó ń wò ó á rẹ̀.

Láfún la fi ń se ẹ̀kọ rẹ̀. Ẹ pò ó mọ́ omi tútù, ẹ fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, ẹ máa rò ó lórí iná, kí ẹ sì sẹ́ ẹ kí kókó má kù. Kó ki ju ẹ̀kọ mímu lọ díẹ̀. Ojú aṣọ nìkan ni ẹ ó kọ, ẹ fi ẹ̀yìn sílẹ̀. Bí ọwọ́ bá ṣìnà, ẹ má nù ún. Àbàwọ́n tí nínù ń fi sílẹ̀ burú ju ìlà wíwọ́ lọ.

Ẹ sá a kó gbẹ táútáú, kí ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ bọ inú ìkòkò aró. Ẹ má run ún, torí ẹ̀kọ á là. Bó bá jáde, àwọ̀ ewé ni ẹ ó rí, ẹ má fòyà. Afẹ́fẹ́ ló máa sọ ọ́ di búlúù lójú yín. Ẹ dúró kí àwọ̀ ewé yẹn tán kí ẹ tó tún un bọ̀, torí bíbọ̀ lemọ́lemọ́ ló ń mú un dú, kì í ṣe pé kó pẹ́ nínú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Aró agolo tí wọ́n ń tà lọ́jà yá. Ewé èlú àti omi eérú ń fẹ́ ọjọ́ mélòó kan kó tó kan, síbẹ̀ mo máa ń dúró dè é, torí búlúù rẹ̀ jinlẹ̀ lójú mi.

Bí aṣọ bá gbẹ, ẹ rẹ ẹ́ sómi, ẹ fi ọ̀bẹ tí kò mú họ ẹ̀kọ kúrò. Ibi tí ẹ kọ kò ní funfun báláú. Aró á ti gba ẹ̀yìn wọlé díẹ̀, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ló máa jẹ́. Nítorí náà, ẹ má fa ìlà tín-ín-rín jù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e kọ́, kí ẹ wò ó láti òdìkejì yàrá, kí ẹ sì sàmì sínú ìwé yín sí ilé tí bátánì ti pòórá.